Kò Mọ Ìdí Rẹ̀

Ẹ̀rọ kan wà ní Àjà tó mọ ẹ̀yìn ènìyàn ju bí ẹni tó ni ẹ̀yìn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kì í ní kí aláìsàn bọ́ aṣọ, kò sì ní ojú tó fi ń wo inú eegun. Etí nìkan ló ní, ó sì ní ẹnu tó fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Agbáròyé ni wọ́n ń pè é.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Àjà wà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àjà ilé ni mò ń wí. Ìlú ni. Àwọn baba wa ló kọ́ ọ sí òfurufú, ó ń yí ayé po lójoojúmọ́, ó sì ń pòòyì lórí ara rẹ̀ kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè ní ìwọ̀n díẹ̀ lára. Àwọn ará ilẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ti gun àjà ayé lọ bí eku. A bínú títí, ó sú wa, a gba orúkọ náà.

Ìwọ̀n tí mo ní ó ń fún wa yẹn, kò tó. Ẹni tó wúwo tó àpò ìrẹsì mẹ́ta ní ilẹ̀ kò ju àpò kan lọ lókè níbí. Tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, tí ìwúwo ara máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará ilẹ̀, ńṣe ló ń wú níbí bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. A ga sí i lóòótọ́, a sì ń yangàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ènìyàn bá gbé ẹrù lódì, tí tìmùtìmù bẹ́ sẹ́yìn tó lọ tẹ iṣan ìmọ̀lára mọ́lẹ̀, ọjọ́ náà ni ìyangàn ń di yéè. Kò sí ilé kan ní Àjà tí wọn kì í ti í fọwọ́ di ìbàdí mú.

Ìbídùn Ajírọ́tutù ló ṣe Agbáròyé. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ṣe é. Ó gba ohùn ọ̀kẹ́ méjì aláìsàn sílẹ̀, ó kọ́ ẹ̀rọ náà ní bí ẹ̀yìn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ó ń ta òun láti ìbàdí gba ẹ̀yìn itan lọ dé ìka ẹsẹ̀, Agbáròyé á ní tìmùtìmù ló bẹ́. Àgbàlagbà tó bá ní ẹsẹ̀ òun ń wúwo bí òun bá ń rìn, ṣùgbọ́n tó ń fúyẹ́ bí òun bá tẹ̀ síwájú lé ọmọlanke, á ní ihò tí iṣan ń gbà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti fún. Ìyá arúgbó tó kàn jókòó gbì tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ró kà, eegun ló fọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó ń làágùn, tó sì ń rù, kò ní jẹ́ kó lọlé, nítorí kòkòrò àrùn ti wọ eegun nìyẹn. Ó ti gbọ́ àròyé ènìyàn ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, wọ́n sì ní kò ṣì í rí. Wọ́n ní.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọjọ́ ńlá ni fún Ìbídùn. Ní aago méjì ọ̀sán, ogójì ìlú ní ilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé Agbáròyé ni yóò máa gbọ́ àròyé aláìsàn àwọn. Ó jí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó ti yọ sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbé ìyá rẹ̀ sórí àga onítáyà.

"Ìbídùn, ṣé mo jókòó dáadáa?"

Àràárọ̀ ni Màmá ń béèrè bẹ́ẹ̀. Láti ọdún méjì tí ara rẹ̀ ti kú láti ìdí dé ẹsẹ̀, kò mọ̀ bóyá àárín àga lòun wà tàbí etí rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a wò ó. Ìtọ̀ rẹ̀ náà, inú àpò ló ń lọ.

"Ẹ jókòó dáadáa, Màmá."

"O ṣé. Òní ni wọ́n máa fọwọ́ sí i, àbí? Ọlọ́run á bá ọ ṣe é."

"Àmín, Màmá." Ìbídùn ń wá bàtà rẹ̀. Ó yẹ kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ká ní ẹ ti sọ fún Agbáròyé nígbà náà lọ́hùn-ún ni, ẹ̀yin náà ì bá fẹsẹ̀ yín rìn wá wò ó."

"Mo sọ, ọmọ mi."

"Màmá, mo ti ka àkọsílẹ̀ yẹn ní àkàtúnkà. Ẹ ò sọ. Ojú ló tì yín."

Màmá yíjú sí fèrèsé. Kì í jiyàn mọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọdún méjì sẹ́yìn, Ìbídùn wà ní ilẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ han àwọn ọba àti àwọn onímọ̀. Ẹ̀yìn Màmá mú un lókè níbí, ó lọ bá Agbáròyé, Agbáròyé ní ẹran ẹ̀yìn ló fà, kó lọ sinmi. Màmá sinmi. Nígbà tí Ìbídùn fi dé ní ọjọ́ karùn-ún, oníṣẹ́ abẹ ní ó ti pẹ́ jù. Ìyá tó bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ lọ bá ẹ̀rọ, ó sì fi àìsàn pamọ́ fún un! Bí Ìbídùn ṣe gbà á nìyẹn, ó ń dùn ún, kò sì lè dárí rẹ̀ ji ìyá rẹ̀ tán.

Nígbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn, aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá Òjéwùmí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dínà.

Ẹni àádọ́rin ọdún àti mẹ́fà ni Bàbá yìí. Kí Agbáròyé tó dé, òun ni olórí nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ẹlẹ́yìn, ogójì ọdún ló sì fi ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò fẹ́ kó máa lọ sílé kó lọ máa ka òrùlé, wọ́n fún un ní àga kan lẹ́nu ọ̀nà, pé kó máa pín nọ́ńbà fún aláìsàn. Ó gba àga náà. Ẹnu rẹ̀ ni kò gba ìsinmi.

"Dókítà, mo ti ń wá ọ láti aago mẹ́sàn-án."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá, àwọn ènìyàn ń dúró dè mí."

"Obìnrin kan wá lówùúrọ̀ yìí. Ṣùbúọlá, ọ̀gá àwọn tó ń kórè ẹ̀fọ́ ní Oko Kẹta. Ẹ̀rọ rẹ fún un níwèé àlàáfíà, ó ti lọ wọkọ̀. Ọkọ̀ asọ̀kalẹ̀ aago méjìlá. Obìnrin yẹn ò gbọ́dọ̀ wọkọ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó jókòó níwájú mi. Kó tó jókòó, ó fọwọ́ wá àga lẹ́yìn. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó tán, ó tún fọwọ́ wá a! Ẹni tó ti jókòó, àga wo ló tún ń wá? Ó sì lọ ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe ń wọlé náà ló ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ ò tú ká."

Ìbídùn mí kanlẹ̀. "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn bi obìnrin náà ní ìbéèrè méjìlélógójì. Ẹ̀yin, ojú lásán lẹ fi wò ó."

"Ìwọ ni ìbéèrè ń jọ lójú. Èmi, ìdáhùn ni mò ń kà."

"Gbogbo ìdáhùn wà nínú àkọsílẹ̀!"

"Ó dáa. Ṣí i fún mi. Tí n ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, n ó gbé àga mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí lónìí, etí rẹ á sì sinmi."

Kí n má parọ́, ohun tó mú Ìbídùn gbà nìyẹn. Ó fẹ́ kí etí òun sinmi. Ó tẹ ara ògiri, àkọsílẹ̀ náà sì yọ síta:

Obìnrin. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ lánàá, ẹ̀yìn rẹ̀ mú un. Ìrora wà ní ìbàdí, ó gba itan méjèèjì. Ibi tó kú lára: rárá. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ìtọ̀: dáadáa. Ìdájọ́: ẹran ẹ̀yìn ló fà. Kò séwu. Ó lè wọkọ̀.

"Itan méjèèjì," ni Bàbá wí. "Ẹ̀gbẹ́ kan ni tìmùtìmù sábà máa ń tẹ̀. Bó bá ti di méjèèjì, kí ọkàn ẹni máa lọ sókè."

"Ẹ̀rọ mọ ìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi béèrè ibi tó kú lára. Obìnrin náà ní rárá. Ó béèrè ìtọ̀, obìnrin náà ní dáadáa."

Bàbá ti fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan ìlà kan lára ògiri. "Kò mọ ìdí rẹ̀. Ìdí kí ni?"

"Okùnfà ìrora náà, Bàbá. Kò mọ ohun tó fà á."

"Báwo ni kò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Ìlà kejì rèé tó ní agbọ̀n ẹ̀fọ́ lòun gbé! Ta ló tún bi í ní ohun tó fà á? Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ìbídùn wo aago. Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó pe ohùn náà jáde. Ohùn Agbáròyé ló kọ́kọ́ dún, ó rọlẹ̀ bí ohùn àlejò tí wọ́n kọ́ dáadáa: "Ìbéèrè kọkàndínlógún. Ṣé ibì kan wà tó kú lára yín?"

Ohùn obìnrin náà tẹ̀lé e, ó yá kánkán: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kò síbi tó kú lára mi o, kò sì níí kú. N ò kàn mọ̀dí mi mọ́ ni."

"Ẹ ṣeun. Ìbéèrè ogún. Ṣé ẹ ń tọ̀ dáadáa?"

"Ẹ̀ẹ́n... a dúpẹ́."

"O gbọ́?" Bàbá rọra sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi wá rọ̀ pátápátá. "Ìyá ọlọ́mọ, tó ń múra àtirìnrìn-àjò, o bi í pé kí ló kú lára rẹ̀. Èpè lo gbé fún un yẹn! Ó dá èpè rẹ padà, ó wá sọ ohun tó ń ṣe é. Ìdí rẹ̀, ìdí tó fi ń jókòó, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Àti a dúpẹ́ yẹn, ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, ìkíni ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó náà á ní a dúpẹ́."

Ìbídùn rántí yàrá tí òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà jókòó sí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn mọ́ kí ẹ̀rọ lè lóye rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ òfin yẹn sílẹ̀: níbikíbi tí aláìsàn bá ti sọ pé òun ò mọ̀dí, ẹ kọ ọ́ ní kò mọ ìdí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni okùnfà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Kò wá sí i lọ́kàn pé ìyá àgbà kan á ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ ìdí ara rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Ó ṣe é bí ẹni pé ó ti rí gbólóhùn tó wà lára ògiri yẹn níbòmíràn rí, ṣùgbọ́n aago ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá mọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn iṣan ìmọ̀lára máa ń pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ bí ìrù ẹṣin. Àwọn ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun jókòó, àwọn ló ń ṣí ìtọ̀ tó sì ń tì í. Bí tìmùtìmù ńlá bá bẹ́ lé wọn lórí, ìdí á kọ́kọ́ kú, ìtọ̀ á há, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ènìyàn lè bọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà, àbámọ̀ ni. Ọkọ̀ asọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Bó bá ń wọ afẹ́fẹ́ ayé, ó máa ń sọ ara ènìyàn di ìlọ́po mẹ́rin ìwúwo rẹ̀. Ohun tó kù lára iṣan Ṣùbúọlá, ọkọ̀ yẹn á lọ̀ ọ́ kúnná.

"Ẹ lọ sọ fún oníṣẹ́ abẹ kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ni Ìbídùn wí, ó sì ti ń sáré.

Ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó gba ọ̀nà ọgbà ewébẹ̀, ó fo agbọ̀n, àwọn obìnrin oko ń pariwo pé kí ló lé Dókítà. Nígbà tó dé ibùdókọ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló kù. Akínbọ̀dé, ọ̀gá ọkọ̀, dá a lóhùn láti inú ẹ̀rọ ara ògiri.

"Dókítà, ẹ kú ọjọ́ ńlá o! Ẹ fẹ́ bá wa lọ ni?"

"Akínbọ̀dé, ṣílẹ̀kùn. Ìyá kan tó ń jẹ́ Ṣùbúọlá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò dáa. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi."

"Ṣùbúọlá... Agbáròyé ní kò séwu. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin yìí, pé Agbáròyé nìkan ló ń fi ènìyàn sínú ọkọ̀, òun nìkan ló sì ń yọ ọ́. Ẹ ní kí a má gbọ́ tẹbí tọ̀rẹ́."

"Mo mọ̀. Ṣílẹ̀kùn."

"Mi ò lè ṣí i, Dókítà. Àfi ọ̀nà kan tó wà nínú òfin náà, ẹ sì mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kí ẹni tó ṣe é fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ṣì í. Bí ẹ bá sì sọ ọ́, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ìṣẹ́jú náà gan-an ni ogójì ìlú yẹn á gbọ́ ọ."

Ìbídùn dúró. Kí ẹ má rò pé kò ronú o. Ọdún mọ́kànlá! Ó ronú nípa àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà yẹn, ó ronú nípa aláìsàn ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá tí Agbáròyé ti gbà là. Bí Bàbá bá wá ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé okùnfà náà ni obìnrin yẹn ń sọ ńkọ́? Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ọgbà ti kùn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

"Èmi Ìbídùn Ajírọ́tutù," ó wí, "èmi ni mo ṣe Agbáròyé. Agbáròyé ṣì í. Èmi ni mo kọ́ ọ ní àṣìṣe náà. Ó yá, ṣílẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ìlà kẹta ni Ṣùbúọlá jókòó sí, ó so ara rẹ̀ mọ́ àga, ó gbé àpò kan sí ẹsẹ̀. Ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn ìkókó ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti bí ní ilẹ̀, àkọ́bí, ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́ta.

"Dókítà, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. N ò sọ̀ kalẹ̀," ó ti ń sọ ọ́ kí Ìbídùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ta ni yóò wẹ ọmọ náà? Ọmọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Mo ti gbàwé. Ẹ̀rọ yín ní kò séwu!"

Ìbídùn kúnlẹ̀ sí àárín ìlà àga. Kò béèrè ìbéèrè kọkàndínlógún. Ó ronú bí Bàbá Òjéwùmí ì bá ṣe sọ ọ́.

"Màmá, ẹ dákun. Bí ẹ ṣe jókòó yìí, bí ẹ bá dijú, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára pé ẹ jókòó?"

Ṣùbúọlá ṣẹ́jú pẹ́ẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

"N ò mọ̀ ọ́n," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Láti àná ni. Omi náà ò sì fẹ́ wá, inú mi wú. Ṣùgbọ́n mo sọ, Dókítà. Ẹ má bá mi wí. Mo sọ fún ẹ̀rọ yẹn. Mo sọ!"

Mo sọ.

Ẹ̀rù ba Ìbídùn. Obìnrin yìí kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un báyìí. Àràárọ̀ láti ọdún méjì, ẹnì kan ti ń sọ ọ́ fún un.

Ó tú okùn àga. Òun àti Akínbọ̀dé gbé Ṣùbúọlá jáde bí ẹyin, ọkọ̀ sì gbéra láìsí i.

Iṣẹ́ abẹ náà gba wákàtí mẹ́ta. Aago méjì ti lu, ó ti kọjá, kò sì sí ìlú kan tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ jáde, ó ní tìmùtìmù tí òun bá níbẹ̀ tó àtàǹpàkò, òun ti yọ ọ́. Ṣùbúọlá á rìn. Ti ìtọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀, ṣùgbọ́n ìrètí wà. Bàbá Òjéwùmí ṣí fìlà lórí, ó fi nu ojú.

"Bàbá, n ó pa ẹ̀rọ yẹn," ni Ìbídùn wí.

"Pa á kí ni? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ohun tí ẹ fi sí i létí ló gbọ́." Ó wò ó lójú, ó sì rí i pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

Ìbídùn wọ yàrá Agbáròyé lọ, ó jókòó sórí àga tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí.

"Ẹ káàbọ̀," ni ẹ̀rọ wí. "Kí ló ń ṣe yín?"

"Agbáròyé, lẹ́yìn ìbéèrè kọkàndínlógún, ẹni mélòó lo kọ ọ́ fún pé kò mọ ìdí rẹ̀?"

"Ẹni mẹ́tàdínlógún."

"Dárúkọ wọn."

Ó ń dárúkọ, Ìbídùn ń kà á lórí ìka. Darandaran kan tó ti kú. Olùkọ́ kan tí kì í jáde nílé mọ́, tí wọ́n ní ó ti di agbéraga. Orúkọ keje ni Wúràọlá Ajírọ́tutù.

Àkọsílẹ̀ náà yọ, èyí tó ti kà ní àkàtúnkà. Ibi tó kú lára: rárá. Kò mọ ìdí rẹ̀. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ látijọ́ ni, kò sí lẹ́tà kan tó yí padà. Òun tó ń kà á ni kò kà á rí.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Kò tíì gbọ́ ohùn náà rí. Ìwé ló máa ń kà. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde, ohùn ìgbà tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn: "Kò síbi tó kú lára mi, ikú ò níí rí mi gbé ṣe. Ṣùgbọ́n n ò mọ ìdí mi mọ́, láti àárọ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Ọmọ mi ló ṣe ọ́, mo mọ̀ pé o máa gbọ́. Ó wà ní ilẹ̀, n ò fẹ́ dà á láàmú. Bá mi sọ fún un tó bá dé, kó má baà rò pé mo fi pamọ́."

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni Agbáròyé dá a lóhùn. "Kò séwu."

Ìbídùn sunkún níbẹ̀. Ó sunkún kíkorò, ẹ̀rọ náà sì ń bi í bóyá ìrora rẹ̀ gba ẹsẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó délé. Màmá wà nídìí fèrèsé tó fi í sí.

"O ti dé? Wọ́n fọwọ́ sí i?"

"Wọn ò fọwọ́ sí i, Màmá." Ó kúnlẹ̀ wọ́ lọ bá a. "Ẹ sọ. Mo gbọ́ ohùn yín lónìí. Ẹ sọ fún un, ẹ tún ní kó sọ fún mi."

"Ẹ̀rọ ni kò gbọ́ mi, n ò bínú sí ẹ̀rọ," ni Màmá wí. "Ìwọ tí mo bí, ọdún méjì ni mo fi ń sọ ọ́ fún ìwọ náà."

Ìbídùn gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, orúnkún tí kò mọ̀ pé orí ẹnì kan wà lórí òun. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá ni ìyá ń jẹ́. Nígbà tó yá, Màmá fọwọ́ pa á lórí.

"Ó tó, dìde. Wá bá mi wò ó. Ṣé mo jókòó dáadáa?"

Ìbídùn nu ojú, ó sì wò ó, kì í ṣe bó ṣe máa ń wò ó láràárọ̀ nígbà tó bá ń wá bàtà. Màmá ti yọ̀ dé etí àga. Irin àga ti wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára aṣọ rẹ̀, ó ti gbẹ, bóyá láti àárọ̀.

"Rárá, Màmá," ó wí. "Ẹ ò jókòó dáadáa."

Ó gbé e.